Sí Fọlájìmí, Ní Ọdún Karùn-ún: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Kékeré Rẹ Tó Ń Gbóná

Fọlájìmí àbúrò mi, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí o ti lọ. Ọdún márùn-ún! Mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ iléèwé ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò tíì yé mi.

Ayọ̀mikún ọmọ rẹ, tí o fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ga dé èjìká mi. Zubaidah ìyàwó rẹ ti parí ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé ní Ọlọ́runṣògo, wọ́n sì kó wọlé kí òjò tó dé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ajíbọ́dé kò tì. Wándé tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ ló ń ṣí i láràárọ̀, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe. Orúkọ rẹ ló ṣì wà lára pátákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tún un kùn, kò pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí, èyí tí olùkọ́ yunifásítì kan fún ọ nígbà tó ń kó kúrò ní Ajíbọ́dé. Ọkọ̀ tí kò ga ju ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tó ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀ àti epo tirẹ̀, tí o máa ń fi rédíò ọwọ́ darí ní pápá iléèwé wa ní Ìjàyè, tí àwọn tó ń ti oko bọ̀ á gbé ọkọ́ lé èjìká, wọ́n á dúró wò ó títí. Nígbà tí o lọ, a fẹnu kò pé a kò ní se àsè kankan ní ọjọ́ ìrántí rẹ. A ó gbàdúrà, ọkọ̀ náà á sì yí pápá po ní ogún ìgbà.

Ọdún kìíní, ó yí i po. Ọdún kejì, ó yí i po. Ọdún kẹta, ìgbà kẹfà ló ń yí lọ tí ó rú èéfín, tó sì dúró. Lọ́dún tó kọjá, kò yí tó ìgbà mẹ́ta.

Bí èéfín yẹn ṣe ń jáde, bàbá Ọláníyì, àbúrò bàbá wa, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí Fọlájìmí sinmi. Òun ló ń dá a dúró. Kò fẹ́ ariwo yìí mọ́. Bó bá tún kú lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gbé e sínú páálí."

Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Ayọ̀mikún wà lẹ́yìn wọn. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, ó bi mí léèrè, "Mọ́mì Ìjàyè, ṣé bàbá mi ń bínú sí wa ni?"

Ọjọ́ náà ni mo pinnu. Mo ní n kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀bi ẹ́ńjìnì ka orí rẹ, ìwọ tí o kò lè dìde gbẹnu sọ fún ara rẹ mọ́. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, a ó wá a rí.

Wándé tú u sórí ìwé ìròyìn. Ó fi kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ hàn mí: bàtà kékeré méjì nínú ife irin kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ń kùn jẹ́jẹ́, àwọn bàtà náà á ká wọ inú, ọkọ̀ á dúró. Bí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, wọ́n á là síta, wọ́n á di ife náà mú, táyà á sì yí. Ife tiwa ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Iná ti jó àwọn bàtà náà títí tí wọ́n fi ń dán.

A pààrọ̀ bàtà. A pààrọ̀ sípíríǹgì. A fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àlàfo àárín eyín jíà kí wọ́n má baà há mọ́ ara wọn. A kán epo sí bíárìn, ẹ̀kán kan péré, bí o ṣe kọ́ Wándé. A gbé e lọ sí pápá lọ́jọ́ lásán, ó yí ogún ìgbà, kò sì gbóná. Inú mi kò dùn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́dún tó kọjá kí ọjọ́ tó pé.

Wándé ń fi àkísà nu ọwọ́. "Àǹtí, ọjọ́ ìrántí nìkan ló máa ń ṣe báyìí. Àbí ẹ ò rí i pé..."

"Parí rẹ̀, Wándé, kí n gbọ́."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí.

Mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí à ń ṣe lọ́jọ́ ìrántí tí a kì í ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Zubaidah ní fídíò tọdún tó kọjá wà lórí fóònù òun. A jókòó wò ó. Nígbà tí wọ́n dé ibi àdúrà, èmi náà di ojú, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wá gbọ́ ohun kan tó ń kùn bí oyin lábẹ́ ohùn àlúfáà wa. Ẹ́ńjìnì ni! Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ ni Wándé ti máa ń ṣíná sí i, torí ẹ̀rù ń bà á kí okùn tó ń fà fi ṣíná má kọ̀ ọ́ lójú àlejò. Kí ó má baà kú, á gbé ìkùn ẹ́ńjìnì náà sókè kó lè máa sáré lórí ìdúró. Kí ó má baà sá lọ, á fi ìka tẹ búréèkì rẹ̀ lórí rédíò, á dijú, á máa ṣe àmín.

Àlúfáà wa gbàdúrà fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Alhaji Lìádì, bàbá Zubaidah, gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n fi mẹ́fà lé e. Ọdún kẹta ni Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa gbàdúrà. Fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko, bàtà ń ha ife tí búréèkì ti dì mú.

Sátidé tó kọjá, a dán an wò. Wándé ṣíná, ó gbé ìkùn rẹ̀ sókè, ó tẹ búréèkì. Mo ń ka Sáàmù tó gùn jù lọ sókè ketekete. N kò tíì kà á dé ìdajì tí nǹkan fi ń rùn. Ayọ̀mikún kán omi sórí ife irin náà. Omi náà hó ṣáà, ó sì gbẹ. Ọmọ náà wò ó títí.

"Àwa la ń sun ún," ó ní. "Kì í ṣe bàbá mi."

Wándé dorí kodò. "Èmi ni, Àǹtí. Èmi ni mo gbé e sókè."

"Ìwọ nìkan kọ́," mo ní. "Gbogbo wa la jọ ń ṣe àmín."

Mo lọ bá Alhaji nílé, mo ní a kò ní ṣíná mọ́ títí àdúrà yóò fi parí. "Tíṣà," wọ́n ní, "mọ́tò tí ẹ ò tíì ṣíná sí, kí la ó máa ṣàdúrà lé lórí?" Mo ṣàlàyé bí ife náà ṣe ń gbóná, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ kúkú sọ pé àdúrà mi gùn."

"Rárá o, Alhaji. Ti àlúfáà wa ló gùn jù."

"Mo mọ̀! Ọjọ́ wo ni mo ti ń wí?"

Wọ́n gbà. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan okùn títí àmín ìkẹyìn yóò fi parí. Bàbá Ọláníyì ní tiwọn kàn ní, "A ó máa wò ó."

Fọlájìmí, aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo ń kọ èyí. Wọ́n ti ń to àga sí etí pápá. Wándé ti rẹ ìkùn rẹ̀ sílẹ̀ títí tí táyà fi dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Ó lè ṣòro láti ṣíná lójú gbogbo èèyàn. Bí okùn bá kọ̀, a ó tún fà á, ojú kò ní tì wá. Bí ó bá dúró lọ́nà, a ó tún tú u. Kò sí páálí tí yóò wọ̀. Ohunkóhun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún sọ fún ọmọ rẹ pé ìwọ lo fà á. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá Ọláníyì. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Nígbà ayé rẹ, ìbínú rẹ sí wa kò pẹ́ ju wákàtí kan lọ rí. A kò gbà pé ikú sọ ọ́ di ẹlòmíràn. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Bí èrò bá pé létí pápá, ojú rẹ ni a ṣì máa ń kọ́kọ́ wá láàárín wọn.

Ayọ̀mikún ti mú rédíò lọ́wọ́. Mo ń lọ bá wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúfúnmi