Mo Kọ Ọ́ Síbẹ̀ Pé Mo Bù Ú Lọ

Saebom ọmọ mi,

Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà ní ọjọ́ Ajé, orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀, wọ́n ní o jí fọ́tò. Èmi ni mo jí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, màá kàn bi ọ́ bóyá o ti jẹun, tí o bá ní o ti jẹun, màá pa fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Mi ò tilẹ̀ tíì kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé yàrá rẹ ń móoru, àbí onílé yẹn ṣì ń ṣahun iná? Kí òtútù ọdún yìí má mọ ọ̀nà ilé rẹ, kí gbogbo ohun tí o ń kà dúró sí ọ lórí títí di ọjọ́ ìdánwò. Bàbá rẹ ń kí ọ. Kò mọ̀ nípa lẹ́tà lọ́yà o, abẹ́ àpò ìrẹsì ni mo fi í sí. Ìyá Gokseong ti ilé kejì náà ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀. A ti bó èso gam ọdún yìí tán, a ti so wọ́n rọ̀ sábẹ́ òrùlé kí wọ́n lè gbẹ, gbogbo ìloro ilé wa pọ́n bí ẹni pé a fẹ́ gbàlejò.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. O rántí ojú-ewé abúlé wa lórí ayélujára, tí o fi orúkọ rẹ ṣí fún mi kí o tó lọ sí Seoul, tí mo ń kọ àròkọ sí kí àwọn ará ìlú ńlá lè máa ra gam wa. O mọ̀ pé fọ́tò tèmi kì í dára, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú fóònù mi sì ti sán, gbogbo gam tí mo bá yà ló máa ń ní àpá. Mo wá rí fọ́tò kan, igi gam nínú kùrukùru òwúrọ̀, ó jọ tiwa, ó sì dára ju tiwa lọ. C kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú òrùka róbótó. Mo ní òǹtẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sára ẹyin tó dára, inú mi sì dùn pé ojúlówó ni mo rí. Mo mú un.

Ṣùgbọ́n ṣé mo jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni? Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́ lórí ayélujára nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, pé mo bù ú lọ o, ẹ ṣé. O máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn arúgbó ló ń kọ ọ́. Láyé tiwa, ẹni tó bá mú fọ́tò lójú-ewé ẹlòmíì láìkọ ọ́ ni a ń pè ní olè. Mo gbà pé ẹni tó bá ti kọ ọ́ ti tọrọ nìyẹn.

Lọ́yà kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ó ní kí ẹni tó ni ojú-ewé wá ṣàlàyé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá, Saebom, ìwọ tí o ń kàwé láti di ọlọ́pàá. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni mo jókòó sí. Tí wọ́n bá bi ọ́ níbi ìdánwò pé ṣé orúkọ rẹ ti wọ inú ẹ̀sùn olè rí, kí lo fẹ́ sọ, pé fọ́tò ló wu ìyá rẹ?

Mo yọ fọ́tò náà kúrò, mo wá pe ẹni tó ni ín, nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà lọ́yà. Mo rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá ni, àṣé bàbá àgbàlagbà kan tó ń wúkọ́ ni, Ọ̀gbẹ́ni Pyo. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan òǹtẹ̀ ẹyin, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, ó ní C yẹn ń sọ pé fọ́tò náà ní ẹni tó ni ín. Mo rò pé ó ti tán. Ló bá ní, Ìyá Saebom, òwúrọ̀ méje ni mo gun òkè yẹn kí kùrukùru tó jókòó bó ṣe jókòó, mo ṣubú ní ìkẹfà, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni mo sì fi ń jẹun. Mo ní ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo bù ú lọ. Ó ní tí doenjang tí mo fi ń sebẹ̀ bá tán nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná, tí mo fẹ́ bù nínú ìkòkò aládùúgbò, ṣé kí n tó ṣí ìdérí ni mo máa ń pè é, àbí nígbà tí mo bá ti gbé abọ́ délé.

Ó ti tó ogún ọdún tí Ìyá Gokseong ti ní kí n máa bu tirẹ̀ nígbàkígbà, síbẹ̀ ẹnu ìloro ni mo máa ń dúró sí pè é, tí kò bá dáhùn, màá gbé abọ́ mi padà, a ó jẹ ọbẹ̀ tí kò dùn. Èmi yìí náà ni mo ṣí ìkòkò ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ó ní àwọn ayàfọ́tò kan wà tó ń fi ìkòkò tiwọn sílẹ̀ fún ará ayé, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ mú un. Kí n máa wá irú ìyẹn, tàbí kí n béèrè, kí n sì dúró gbọ́ èsì. Kò fẹ́ owó. Ìwé ìtúúbá ló fẹ́, tí èmi tí mo mú un àti ìwọ tí o ni ojú-ewé bá fọwọ́ sí i kí oṣù yìí tó tán, yóò ní kí lọ́yà pa ẹjọ́ náà tì. Mo bi í bóyá mo lè bá ọ fọwọ́ sí i, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé wa jọra. Kí n tó sọ ọ́ tán ni etí mi ti gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ.

Nítorí náà mi ò fọwọ́ sí i fún ọ. Ìwé náà ló wà nínú lẹ́tà yìí, orúkọ mi wà níbẹ̀, àyè tìrẹ ṣófo. Kà á dáadáa. Tí o kò bá fẹ́, mi ò ní bínú, orúkọ rẹ ni, mo sì ti ń bù ú láti ọjọ́ yìí wá láìdúró lẹ́nu ìloro pè ọ́.

Mo ti fi fọ́tò tí èmi fúnra mi yà sí ojú-ewé náà, ọwọ́ Ìyá Gokseong níbi tó ti ń bó gam. Kò mọ́lẹ̀ tó. Mo kọ́kọ́ tọrọ àyè, ó ní kí n yà á, ṣùgbọ́n kí n yọ ojú òun sílẹ̀ nítorí òun ò tíì ki eyín òun bọ ẹnu. Tí o bá ń bọ̀ wálé fún ọdún tuntun, bá mi ra gíláàsì fóònù, kò gbọdọ̀ wọ́n. Orúkọ rẹ kò ní bàjẹ́ láti ọwọ́ mi, ọmọ mi, ohun tí mo fi ń gbàdúrà láràárọ̀ nìyẹn.

Ìyá rẹ ni. Jọ̀wọ́, tètè dá mi lóhùn.