Mi Ò Ní Pa Ọmọ Tí Mo Fi Ìgò Tọ́

Àdúràgbèmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ẹ kú iṣẹ́ Èkó. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń yọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ, tìrẹ á rinlẹ̀ ṣinṣin. A wà ní Ìperindó níbí, orúnkún ń dun ìyá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù, pé kí n ta ọmọ àgùntàn méjèèjì fún Àjàgbé alápatà, mo gbọ́, n kò sì ní ṣe é. Kòtò tí àwọn tó ń wa góòlù gbẹ́ sẹ́yìn oko wa ni ìyá wọn já sí, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ kẹta tó bí wọn. Mo bá lọ ra ìgò olórí rọ́bà àti mílíìkì ọmọ ọwọ́ ní Iléṣà. Ọmọbìnrin tó tà á kà á fún mi lára agolo pé kò sí ohun tó dára tó ọmú ìyá fún ọmọ. Mo ní kó bá mi kọ̀wé padà sí wọn pé àwa náà mọ̀, ìyá wọn ló kú. Ẹ̀rín ló ń rín, kò kọ ọ́.

Julianah, nọ́ọ̀sì wa, fi òyìnbó kan tó ń fún àgùntàn ní mílíìkì hàn mí nínú fóònù. Mo kí i, mo béèrè bóyá kó gbóná tàbí kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò dáhùn. N kò bínú, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo bó ṣe ń ṣe, mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Akíndélé àbúrò mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ojú ń ti òun pé àgbà bíi tèmi gbé àgùntàn lé itan bí abiyamọ. Mo ní bí ojú bá ń tì í, kó máa lọ sílé rẹ̀, èmi ò ní dìde. Lọ́jọ́ náà, èyí abo ti fẹ́ kú, kò lè gbórí, ẹnu rẹ̀ tutù. Mo fi aṣọ òkè tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó wé e, mo ń kán mílíìkì sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Àfi bó ṣe gbá rọ́bà náà mú, tó ń fà á, tí ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì. Omi bọ́ lójú mi, Akíndélé rí i, n kò sì nù ún. Òun náà bá jókòó, ó ní kí n gbé akọ wá fún òun.

Nítorí náà, má dárúkọ Àjàgbé fún mi mọ́. Owó mílíìkì ni kí o fi ránṣẹ́, àti ti orí rọ́bà, wọ́n ti jẹ ẹ́ ya. Bí o bá sì ń bọ̀ wá ṣọdún, ra ẹran tìrẹ dání láti Èkó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ tọ́ àwọn ọmọ rẹ dàgbà.

Èmi bàbá rẹ,
Ògúnlàdé