Oògùn Ẹ̀jẹ̀ àti Tíì Àárọ̀ Wa

Ìyá Zoé,

Ìgbà tí ìwọ àti ọmọ wà ní Mísà àárọ̀ ni Màdáámù Émilienne, agbẹ̀bí rẹ, yà láti wò ọ́. Mo sọ fún un pé òòyì ṣì ń kọ́ ọ, bí o tilẹ̀ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ láìyẹ̀ láti ìgbà tí oyún ti dúró. Ó bi mí pé kí ni o fi ń gbé e mì. Mo ní tíì ni. Ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá Zoé, gbogbo ìwé tí ẹ kà ní Dákà, ẹ ò mọ̀ pé tíì kì í jẹ́ kí irin inú oògùn yẹn wọ ara?"

Mo wá àléébù sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò rí i. Nítorí náà, omi ọsàn ni kí o máa fi lo hóró kan ṣoṣo lójúmọ́. Kí tíì dúró fún wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, má ṣe lo méjì lọ́jọ́ kejì. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú, irin náà ló fà á. Mo ti ti ìgò rẹ̀ mọ́ inú àpótí, nítorí Zoé ń pè é ní bọ́nbọ́n, bí ẹni pé ohun dídùn ọmọdé ni.

Ṣùgbọ́n ìdí ife tíì yẹn nìkan ni a ti ń jókòó pọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kí wákàtí méjì tó pé, n ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wáàfù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Mo dá mu tèmi lónìí. Ilé dákẹ́, n kò sì lè mu ún tán. O mọ̀ pé ọsàn a máa kan mí léyín. Síbẹ̀, bu ife kan nínú omi ọsàn rẹ fún èmi náà lọ́la.

Placide