Táyà Tuntun Tó Ti Darúgbó

                                        Oko Tveit,
                                        Halgrim,
                                        North Dakota.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Arvid, ẹni ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ rìn dáadáa? Ó dá mi lójú pé ooru Arizona á ti tù ú lára. A dúpẹ́ níbí. A ti kórè sóyà tán, yìnyín kò tíì bọ́, Verna ìyàwó mi ṣì ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Fargo lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Corinne ọmọ wa dójú tì mí láàárín èrò, inú mi sì ń dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra.

Ẹ rántí Emil Schatz, aládùúgbò wa tó kú nígbà òtútù. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Táyà mẹ́rin wà nínú abà rẹ̀, bébà ilé iṣẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ wọn, irun rọ́bà wẹ́wẹ́ ara táyà tuntun kò tíì já. Ẹ mọ bí Emil ṣe ń tọ́jú nǹkan. Opó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń bu kọfí fún èèyàn, ta ló máa wá máa yẹ ẹrù ọkọ rẹ̀ wò lójú rẹ̀ bí ẹni ń wá àléébù? Mo nawọ́ sókè, táyà di tèmi. Ọkọ̀ Verna ni mo rà wọ́n fún.

Mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà tí Corinne ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́fà jókòó síbẹ̀. Ó yí táyà kan síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Dádì, mi ò ní de èyí fún yín o."

"Kí ló ṣe é? Kò tíì kan títì rí!"

"Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀: 3108. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n, ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé. Rọ́bà máa ń gbó níbi tó bá jókòó sí."

"Emil ló tọ́jú ẹ̀!"

"Emil tọ́jú ara ẹ̀ náà, kò ní kó má darúgbó."

Ṣé ẹ rí àwọn àgbẹ̀ yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí ṣe. Mo gbaná jẹ. Ọ̀gá rẹ̀ pàápàá dá sí i: "Corinne, Leland nìyí o, oníbàárà wa ni. Dè é fún un, jàre."

Ó fi sípánà lélẹ̀. "Mọ́mì mi ló máa wà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́."

Mo fi ìbínú kó wọn lọ sílé. Kí n lè fi hàn án pé èmi ni mo bí i, mo de méjì mọ́ ọkọ̀ ẹrù kékeré tí mò ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, mo di igi ìdáná kún un. N kò tíì rin máìlì mẹ́wàá tí táyà kan fi dún gbàmù. Gbogbo ojú rẹ̀ ṣí kúrò bí èèpo ọsàn, ọkọ̀ ẹrù sì doríkodò sínú kòtò. Nǹkan kan kò ṣe mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó pé Verna ni ìbá wà lórí rẹ̀, mo jókòó sẹ́bàá títì, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, nígbà tí mo mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ náà á wà nídìí kọfí wọn. Mo ní, "Ọmọ mi ló mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò mọ nǹkan kan." Corinne kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn béèrè bóyá mo ti jẹun. Táyà tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí ló dè fún ìyá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà ara táyà yín kí ẹ tó gbéra wá bá wa ṣe ọdún Ìdúpẹ́. Verna ní kí n kí yín, kí n sì kí ìyàwó yín gidigidi.

Gbàǹjo míì wáyé ní Sátidé tó kọjá. Nígbà tó kan táyà, ẹni tó ń ta ẹrù dáwọ́ dúró, ó wò mí láàárín èrò, ó ní, "Bàbá Corinne, ọmọ yín dà? Kó wá bá wa wò ó ká tó tà á." Ọgọ́ta ọdún ni mo ti lò nílùú yìí, ẹ̀gbọ́n mi, Leland ni wọ́n ń pè mí, tàbí àbúrò Arvid.

Àbúrò yín tí orí rẹ̀ ń wú,
Bàbá Corinne.