Ohùn Bàbá Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Libreville. Ẹ má tíì ní kí n dìde, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò dára.

Ẹ ní kí n fi ohùn Bàbá ránṣẹ́, kí ẹ lè gbọ́ ọ níbi àdúrà ọdún kan tí wọ́n papòdà. Láti ìgbà tí fóònù yín ti bọ́ sómi, ọ̀dọ̀ mi nìkan ni ìwúre tí wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kù sí, nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní àdúgbò Charbonnages níbí. Màmá, mo ti pa wọ́n rẹ́.

Kì í ṣe olè, kì í ṣe iná. Kọ̀ǹpútà náà ti kún, mo sì fẹ́ da fọ́tò àtijọ́ nù. Linux ni ètò tó ń darí rẹ̀. Bí èèyàn bá ti tẹ àṣẹ pé kó pa nǹkan rẹ́, kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé inú àpò fọ́tò ni mo wà, àṣé inú àpò ohùn Bàbá ni mo wà. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Èmi kò fẹ̀sọ̀.

Ó yẹ kí n pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, àwọn ará wa sì ti tò sílẹ̀kùn fún fọ́tò carte de séjour, ìwé ìgbélùú wa níbí. Ẹni tí kò ní in kì í fojú méjèèjì sùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn, mo sì ń ya fọ́tò títí di ìrọ̀lẹ́.

Ràsákì, ará orílẹ̀-èdè Benin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ló là mí lójú lọ́jọ́ kejì. Ó ní ohun tí a bá pa rẹ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀, títí a ó fi gbé nǹkan mìíràn lé e. Gbogbo ojú tí mo yà lọ́jọ́ náà, orí ohùn Bàbá ni mo ń tò wọ́n sí. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan ní ìlú yìí tó mọ Bàbá tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Ẹyọ kan ló rí, kò sì pé. Bàbá wúkọ́, wọ́n bi yín bóyá fóònù ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ sì dáhùn pé ó ti ń gbà á, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló gé sí.

Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó tì wọ́n, ẹ mọ ìwúre náà. Ẹ jọ̀ọ́, níbi tó ti gé, ẹ bá wọn parí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ilé.

Èmi ni, ọmọ yín tó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀,
Àkànní