Fáànù Balùwẹ̀ àti Ìyá Bọ́tìnnì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Yìnyín tó dà pọ̀ mọ́ òjò. Aṣọ ò gbẹ. Ọjọ́ kẹrin rèé tí oòrùn kò yọjú sí ìlú Toyama wa yìí, àwọn aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi sì so rọ̀ nínú balùwẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá tí kò gbẹ. Ìyá Bọ́tìnnì ti pa fáànù lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Mo kà á.

Ìyá ọkọ mi ni Ìyá Bọ́tìnnì. Toku lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lójú rẹ̀, "Ìyá" ni, pẹ̀lú ìtẹríba. A ò ju méjì lọ nínú ilé yìí láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ mi ti gbé e lọ sí Kumamoto, ọdún kẹta rèé. Wọ́n gbé ọkọ lọ, wọ́n fi ìyá ọkọ sílẹ̀ fún ìyàwó. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ìwé kékeré kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì fáànù náà. Àwọn tó kọ́ balùwẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: tọ̀sán-tòru ni kí fáànù yìí máa ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má pa á. Ìyá Bọ́tìnnì mọ̀wé kà dáadáa. Ó kàn ń pa á ni.

Inú páálí ọṣẹ ìfọṣọ ni mò ń tọ́jú ìwé yìí sí. Kò sí ibòmíì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

A jẹ ìrẹsì rírọ̀ oníewé méje, bí àṣà wa ní ọjọ́ keje ọdún. Ó ní ewé ọdún yìí wọ́n jù. Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó lọ pa fáànù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Ebu ti yọ. Dúdú, tó-tò-tó, lẹ́bàá rọ́bà ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Mo fọ́n oògùn ebu sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Imú mi ń ta mí, ojú mi ń ṣomi. Lórí ìkúnlẹ̀, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Níbi oúnjẹ ọ̀sán mo sọ fún un pé fáànù tó ń pa ló fa ebu. Ó ní kí ni ebu ṣe fún mi? Nígbà tí òun dé ilé yìí bí ìyàwó, igi ni wọ́n fi kọ́ balùwẹ̀, ebu wà lára gbogbo ẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó wá ní, "Iná téèyàn ò rí ló ń jẹ owó jù."

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá máa ń wẹ̀. Bó bá jáde, èmi á wọ inú omi gbígbóná kan náà nínú ọpọ́n ìwẹ̀. Lónìí Michie, àbúrò mi, pè mí nígbà tí mo wà nínú omi. Mo ti fi fóònù sínú ọ̀rá, bí mo ṣe máa ń ṣe. Fáànù ń kùn lókè orí mi. Fáànù yẹn ni ilẹ̀kùn mi. Bó bá ti ń kùn, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìyẹn nìkan ló jẹ́ tèmi nínú ilé yìí.

Michie ní kí n máa bọ̀ ní Okayama. Kì í ṣe àbẹ̀wò — kí n wá máa gbé. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, oko èso péṣì rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ní yàrá òkè ṣófo, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan ń wá iṣẹ́ àti ibùgbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí n kò bá dá a lóhùn títí ọjọ́ kẹtàlélógún, yóò fún wọn ní yàrá náà. Okayama! Ilé bàbá mi. Ibi tí aṣọ ti ń gbẹ kí èèyàn tó mu tíì tán.

A ò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí fáànù fi kú. Ìyá ló ń ti ìta pa á, nítorí ìta balùwẹ̀ ni bọ́tìnnì wà. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ti ojoojúmọ́: "Yasue, ṣé o wà níbẹ̀?" Mo ní, "Mo wà, Ìyá." Bí wọ́n ṣe ń ka ẹlẹ́wọ̀n nìyẹn. Níbo ni mo fẹ́ lọ, níhòòhò, nínú yìnyín?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo gun àpótí, mo tú ìdérí fáànù, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i nínú. Mo mú ìwé owó iná, mo jókòó tì í. Ọ̀sán kan gbáko.

Bí fáànù yẹn bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún oṣù kan, kò ní jẹ ju nǹkan bí yẹ́ẹ̀nì méjìléláàádọ́fà lọ. Ìṣù ìrẹsì kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń pa á, aṣọ kì í gbẹ, a sì gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná fún wákàtí mẹ́ta ká tó rí aṣọ wọ̀. Wákàtí mẹ́ta yẹn nìkan ń jẹ iye tí fáànù ń jẹ lóṣù kan. Lẹ́ẹ̀kan! A sì ń tàn án lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Inú mi dùn jù. Bí aláìsàn ni mo rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá fi awò kà á, látòkè délẹ̀. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti dára sí i. Ó lọ pa fáànù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀rù ń bà mí.

Mò ń bá Michie sọ̀rọ̀ nínú omi. Mo ti gbàgbé ara mi. Mo ní, "Michie, bí mo bá pẹ́ sí i níbí, ṣé o mọ̀ pé èmi ló máa kú ṣáájú ìyá àgbà yìí?" Àárín gbólóhùn yẹn ni fáànù dákẹ́. "Kú ṣáájú ìyá àgbà yìí" — ohùn mi lu ògiri, ó padà wá bá mi, ketekete. Òjìji rẹ̀ wà lára díńgí ilẹ̀kùn. Kékeré, ó tẹ̀ síwájú.

"Yasue, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà, Ìyá."

"Ó dáa." Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Ṣé ó gbọ́? Nígbà tí a ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ó mú ibi ẹja tó sanra jù, ó gbé e sínú àwo mi. Kò ṣe irú ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọ ilé yìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọ̀gbẹ́ni Màá-Rò-Ó pè láti Kumamoto. Ọkọ mi nìyẹn, Nobuaki. Mo sọ ọ̀rọ̀ fáànù fún un, mo ka iye owó náà sí i létí. Ó ní, "Màmá ti dàgbà. Ṣáà fara dà á." Mo ní bí mo bá lọ sọ́dọ̀ Michie fún ìgbà díẹ̀ ńkọ́? Ó ní ta ló máa wá wà pẹ̀lú Màmá? Mo ní ìwọ ńkọ́, ṣebí ọmọ rẹ̀ ni ọ́? Ó rẹ́rìn-ín, bíi pé mo dápàárá. Ó ní òun á rò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo fi téèpù lẹ bọ́tìnnì pa, ìlọ́po mẹ́ta. Ìwà ọmọdé, mo mọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣí i. Ó ká téèpù náà roboto bí ẹyin àparò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún. Èwo ni kí n ṣe?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọjọ́ tí bàbá ọkọ mi kú, ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn. Ìyá gbé ife ọtí kan àti ọsàn méjì síwájú àwòrán rẹ̀. Balùwẹ̀ ló kú sí, nígbà òtútù bí irú èyí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. N kò sí nílé lọ́jọ́ náà, mo lọ tọ́jú ìyá mi ní Okayama.

A jókòó síbi tábìlì tó ń móoru, ẹsẹ̀ wa wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Mò ń bó ọsàn. Kò wo ojú mi. Ó ní, "O rò pé nítorí owó ni, àbí?"

Mo ní, "Kí ni, Ìyá?"

Ó ní, "Fáànù."

Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ eegun ẹja lẹ́nu. Ilé ìdáná lòun wà lọ́jọ́ náà. Fáànù balùwẹ̀ àtijọ́ yẹn ń pariwo bí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín. Bàbá pẹ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń kọrin. Bàbá Ebisawa, aládùúgbò wa, ń kó yìnyín lẹ́yìn ilé. Ó gbọ́ ohùn Bàbá láti ẹnu ihò tí fáànù ń fẹ́ sí. Ó rò pé orin ni. Níbi ìsìnkú ló ti sọ ọ́ fún Ìyá, kó lè fi tù ú nínú: pé ọkọ ẹ kọrin títí tó fi lọ.

Ìyá ní, "Orúkọ mi ló ń pè. Ẹni tó wà níta gbọ́ ọ. Èmi tí mo wà nínú ilé, fáànù ni mo gbọ́."

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́? Ó ní, "Kí n sọ ọ́ fún ta ni? Kí wọ́n pè mí láhun, ó sàn ju ìyẹn lọ."

Ó jẹ ọsàn kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bi ọ́ pé ṣé o wà. Ìwọ ò bi mí rí." Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Bí ẹni ń sọ pé ata tán ló rí. Lẹ́yìn náà: "Ṣé péṣì Okayama ṣì ń dùn bíi tàtijọ́?"

Ó gbọ́ mi. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Nígbà tó jẹ́ ahun, mo lè fi í sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi ahun sílẹ̀. Kí ló dé tó fi sọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ yìí gan-an?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì láti àná. Fáànù ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Aṣọ gbẹ. Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ yìí wá nìyí.

Nígbà tí mo wọ omi, mo ń retí ohùn rẹ̀. Kò bi mí. Mo jókòó síbẹ̀ títí omi fi tutù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo di báàgì. Mo tú u. Mo tún un dì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìyá wọ balùwẹ̀ ní agogo márùn-ún. Mo dúró síwájú ilẹ̀kùn, fóònù lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n pe Michie kí n tó yí ọkàn padà. Fáànù ń kùn. N kò gbọ́ omi. Mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ mi ló lọ pa á, èmi kọ́.

Ilé pa rọ́rọ́. Omi ta díẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Mo wà." Ó tún ní, "Òní lo máa dá àbúrò ẹ lóhùn, àbí? Tan fáànù yẹn padà, kí o pè é. Mi ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Mo tàn án. Mo pe Michie. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Mo ti sá tìmùtìmù yín sóòrùn o, ó ti wú bí búrẹ́dì!" Inú rẹ̀ dùn gan-an. Mo la ẹnu. Mo ti há gbólóhùn náà sórí: mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Fáànù ń kùn. N kò gbọ́ omi. Michie ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" N kò gbọ́ omi.

Mo pa fáànù.

"Ìyá! Ṣé ẹ wà?"

"Mo ní mo wà! Kí ló ń ṣe ọ́?"

Michie gbọ́ àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní ó ti yé òun. Ó ní òun á fún àwọn tọkọtaya yẹn ní yàrá náà. Ó ní kí n máa bo ara dáadáa, òtútù ibẹ̀ ò dáa. Mo ní, "O ṣeun."

Ìyá jáde, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ooru omi. Ó wo bọ́tìnnì, ó wò mí, ó wo fóònù ọwọ́ mi. Ó ní omi ṣì gbóná, kí n tètè wọlé.

Mo tan fáànù padà, mo wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fáànù dákẹ́. Mo rí òjìji rẹ̀ lára díńgí.

Mo ti ní "mo wà" kó tó bèèrè.