Ọwọ́ Tí Wọ́n Rí Nínú Sinimá Kì Í Ṣe Ọwọ́ Baba Mi

Baba mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà. Ìyá mi, mo kí yín. Mo kí Ìyá Àgbà, mo sì kí Baba Tíṣà tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Baba Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ọ̀rọ̀ kankan, bó ti wù kó korò tó. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí pé gbangba ni wọ́n ti ba baba mi lórúkọ jẹ́. Mi ò ní tún un ṣe ní kọ̀rọ̀.

Ara mi le. Iṣẹ́ bíríkìlà ń lọ, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni a ń kọ́ ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí. Ọyẹ́ ti la ọwọ́ mi, símẹ́ńtì sì ń wọnú ibi tó là, débi pé ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ̀bà bí aláìsàn. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gùn jù fún mi níbí. Kò sí iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò pè mí ní Àkàndé. Ará Ìtòrí ni gbogbo wọn ń pè mí, nítorí pé ẹ̀bá ibẹ̀ ni abúlé wa wà. Aṣọ tí mo rà fún Ìyá mi wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kó gaàrí wá láti ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé kò tó nǹkan, kí ó rọ́jú wọ̀ ọ́ ná.

Ẹ ó rántí ẹ̀ẹ̀rùn èṣí tí Bọ̀ọ̀dá Délé kó àwọn onífíìmù wá sí abúlé wa. Kí ó lè yé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á nínú ìwé ìròyìn: Délé ni àkọ́bí baba mi, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Òun ló ń bá àwọn eléré náà gbé ẹrù, tó sì ń tan iná fún wọn. Wọ́n ní àwọn ń ṣe fíìmù nípa ọkùnrin kan tó ń kiri nítorí ìbò, tó ń purọ́ fún gbogbo ìlú. Wọ́n fẹ́ kí baálẹ̀ tòótọ́ gbàdúrà fún un lójú agbo, baba mi sì ni baálẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wá gbé àpò ẹ̀gẹ́. Baba mi, ẹ ní ẹ kò lè fi orúkọ Ọlọ́run sí orí orúkọ irọ́. Ẹ bi eléré tó ń ṣe òpùrọ́ náà pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Baba, eré mà ni o. Ẹ ní eré tirẹ̀ ni, àdúrà kì í ṣe eré. Ó bá dárúkọ ara rẹ̀ gan-an, ẹ sì gbàdúrà fún un kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má bàjẹ́, kí ó bímọ, kí ó má kú sójú ọ̀nà. Omi bọ́ lójú eléré náà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Bọ̀ọ̀dá Délé yá agbádá funfun yín, ó ní wọ́n fẹ́ fi ya àwòrán díẹ̀ sí i nílùú. Ẹ bọ́ ọ fún un. Ẹ kò bi í léèrè ohunkóhun, nítorí pé ọmọ yín ni.

Fíìmù náà dé Abẹ́òkúta ní oṣù tó kọjá. Mo ti fọ́nnu níbi iṣẹ́ títí ó fi sú wọn. Mo mú àwọn mẹ́ta lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Súlè tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìtòkú wà nínú wọn. Gbọ̀ngàn náà kún, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀. Bí ojú yín ṣe yọ, mo pariwo pé baba mi nìyẹn! Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní ojú baba náà tutù, ó ní irú bàbá tó yẹ kéèyàn ní nìyẹn. Orí mi wú.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́ àdúrà yín. Orin ni wọ́n fi bò ó. Ẹnu yín ń mì lásán, ọwọ́ yín wà lókè, ọkùnrin òpùrọ́ náà sì tẹrí ba níwájú yín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ agbádá kan hàn wá, ọwọ́ agbádá nìkan, a kò rí ojú. Ọkùnrin náà na àpò ìwé tí owó kún inú rẹ̀. Ọwọ́ kan jáde láti inú agbádá náà, ó gbà á, ó sì fà á wọlé.

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n ń kígbe olè, olè! Obìnrin tó yìn yín lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ ṣépè. Nígbà tí ojú yín tún yọ, ẹnì kan ju èèpo ọsàn lu aṣọ sinimá, ó bà yín ní àyà. Ọkùnrin kan dìde, ó ní irú àwọn baba báyìí ni kò jẹ́ ká ní ọ̀nà, pé nítorí ìrẹsì ni wọ́n ṣe ń ta ìlú. Baba mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà ìbò tòótọ́, nígbà tí wọ́n kó ìrẹsì àti aṣọ wá fún yín, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kó o padà sínú ọkọ̀, kí wọ́n lọ gbé katapílà wá. Títí dòní wọn kò la ọ̀nà wa. Orí kẹ̀kẹ́ la ṣì fi ń gbé aboyún lọ sí Ìtòrí, àwọn kan sì ń bínú sí yín títí di ìsinsìnyí nítorí ìrẹsì yẹn.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Mo rí òwú búlúù tí Ìyá mi fi rán ibi tí eku jẹ lára agbádá náà. Mo mọ̀ pé aṣọ yín ni. Mo sì gbà á gbọ́. Mo ní àṣé lẹ́yìn mi ni Baba mi gba owó. Bóyá ìṣẹ́jú kan ni, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Ẹ dárí jì mí.

Èèyàn kan níwájú ló là mí lójú, kò sì mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wo arúgbó yìí, ọwọ́ òsì ló fi gbà á, ojúkòkòrò kò jẹ́ kó rántí ọ̀tún! Wọ́n tún fi ọwọ́ náà hàn, mo wò ó. Òsì ni lóòótọ́. Baba mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi òsì gba omi mu. Ẹnì kan péré ló ń fi òsì gba nǹkan nínú ilé wa.

Mo dìde, mo ń pariwo pé kì í ṣe ọwọ́ baba mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mò ń dí àwọn lójú. Súlè fà mí láṣọ títí bọ́tìnnì fi já.

Mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Délé ní ilé rẹ̀. Mo ní Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ yín ni. Kò sẹ́. Ó ní ọ̀gá àwọn sọ pé àdúrà nìkan kò ní ata nínú, àwọn èèyàn kò ní mọ ìdí tí baálẹ̀ fi ń súre fún olè. Ó ní ẹni tó yẹ kó ṣe é kò wá lọ́jọ́ náà, wọ́n bá ní kí òun wọ agbádá. Ó ní eré ni, gbogbo ayé mọ̀ pé eré ni. Mo bi í bóyá ẹni tó ju èèpo ọsàn náà mọ̀. Mo tún bi í pé ká ní ó rántí lo ọ̀tún, ṣé èmi gan-an kò ní máa rò ó sí baba wa títí láé.  Mo ní kí ó wá sọ ọ́ fún yín fúnra rẹ̀, mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní bí mo bá sọ ọ́, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Nígbà tó wà ní kékeré tí tíṣà àtijọ́ ń na ọwọ́ òsì náà, ẹ̀yin lẹ rìn lọ sí ilé ìwé. Ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọmọ yín sílẹ̀, pé Ọlọ́run tó dá a kò ṣàṣìṣe. Ọwọ́ tí ẹ gbà sílẹ̀ ni ó fi tà yín.

Ọmọ Baba Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́ báyìí. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n máa ka símẹ́ńtì kí n tó lọ sílé. Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé fíìmù náà bọ̀ wá hàn ní ilé ìwé Ìtòrí lọ́sàn-án Sátidé tó ń bọ̀, pé inú yín dùn, pé ẹ ń kó àwọn àgbà abúlé lọ wò ó, pé agbádá funfun náà tí Bọ̀ọ̀dá Délé ti dá padà lẹ fẹ́ wọ̀. Ìdí tí mo fi yára kọ̀wé nìyí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú gbọ̀ngàn lẹ ti máa rí i. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ jókòó sílé. Ẹ wọ agbádá náà. N óò dé ní alẹ́ Fúráìdè, n óò sì jókòó tì yín. Bí ọwọ́ yẹn bá jáde, èmi ni n óò dìde, bí wọ́n bá ní kí n jókòó, mi ò ní jókòó. Ẹ̀yin, ẹ ṣáà gbé ọwọ́ yín méjèèjì sórí itan yín, kí gbogbo èèyàn máa wò ó.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ojú má tì yín láé. Kí Ìyá mi jẹ èrè òwú búlúù rẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn tó ṣì ń bínú nítorí ìrẹsì. Bí Bọ̀ọ̀dá Délé bá wálé, ẹ bá mi kí i. Èmi kò tíì lè kí i fúnra mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkàndé, ní Ìbarà.